Bí Ẹ Bá Dé Seychelles, Ẹ Yà ní Cousin

Àbúrò mi, nígbà tí mo gbọ́ pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ yá ọkọ̀ onígbòkun ní Seychelles, inú mi dùn gan-an. Kò gba físà, ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ kàn máa gbà kí ẹ tó wọ bàálù. Àmọ́ ṣá, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ yín lúwẹ̀ẹ́. Ẹ yà ní erékùṣù Cousin, nítòsí erékùṣù Praslin. Kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 27 lọ, síbẹ̀ òun ni mo fi ṣáájú gbogbo èyí tó kù.

Mọ̀ pé ọkọ̀ yín kò ní gúnlẹ̀ níbẹ̀. Orí omi lẹ máa dúró sí, àwọn olùtọ́jú erékùṣù á sì fi ọkọ̀ kékeré tiwọn wá kó yín. Má jẹ́ kó bí ẹ nínú o. Eku ni wọ́n ń sá fún. Eku tó bá bá ẹrù wọlé yóò jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ títí wọn á fi tán, nítorí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ibẹ̀ ló ń sàba sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nítorí náà, tú báàgì rẹ wò dáadáa kí o tó kúrò nínú ọkọ̀.

Oko àgbọn ni Cousin tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Seychelles warbler ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, kò tó ọgbọ̀n mọ́ láyé, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sì wà. Ní 1968, àjọ àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ lágbàáyé ra erékùṣù náà, wọ́n jẹ́ kí igbó àbáláyé padà hù. Lónìí, ẹyẹ náà ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ti kó lára wọn lọ sí àwọn erékùṣù Aride, Cousine, Denis àti Frégate. Èmi ò mọ ohun tó tún lè wú èèyàn lórí ju ìyẹn lọ.

Wo òkè dáadáa. Ẹyẹ funfun kan wà níbẹ̀ tí kì í kọ́ ìtẹ́ rárá. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé, orí ẹ̀ka igi gbalasa ló ń fi í sí! Àwọn mìíràn gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, torí náà má kúrò lójú ọ̀nà, kí o má baà wó ilé mọ́ wọn lórí. Àwọn ìjàpá ńláńlá náà ń rìn kiri. Bí olùtọ́jú bá gbà ẹ́ láyè, rọra họ ọ̀kan lọ́rùn, á na ọrùn síta fún ẹ.

Ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀, wọ aṣọ alápá gígùn. Ọkọ̀ kékeré àwọn olùtọ́jú máa ń fi eré gun etíkun pẹ̀lú ìgbì, dì í mú, kí o sì fi ọ̀rá we fóònù rẹ. Bí òkun bá máa ń mú kí èébì gbé ẹ, jẹ atalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Láti oṣù karùn-ún dé ìkẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù ìlà-oòrùn máa ń ru òkun sókè. Oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ni kí ẹ lọ: òkun á rọ̀, ìjàpá òkun á sì máa gòkè wá yé ẹyin lójú ọ̀sán gangan. Bí ìgbì bá ga, wọn ò ní gbé yín o. Má fi Cousin sí ọjọ́ tí ẹ máa padà, má sì fi sí òpin ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè sí Fúráìdè ni wọ́n ń gbàlejò.