Lẹ́yìn Tí Fíìmù Bá Parí

*ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Kíkà:* Gẹ́nẹ́sísì 45:1-15

 

Ta ni nínú wa tí kò sunkún nídìí fíìmù rí? Láti ọdún 1985 tí Mike Bamiloye ti dá Mount Zion sílẹ̀ ni eré wọn ti ń wọlé tọ̀ wá wá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí tẹlifíṣọ̀n, ní báyìí lórí fóònù. _The Train_ tó jáde lọ́dún 2020 sọ ìtàn ayé òun fúnra rẹ̀, ọmọ tó pàdánù ìyá rẹ̀ ní kékeré. Ọ̀pọ̀ wa ló nujú nídìí ẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, lẹ́yìn tí ẹ nujú tán, ta lẹ pè?

Jósẹ́fù náà sunkún. Ní orí 42:24, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sunkún. Ní 43:30, ó sáré wọ yàrá, ó tún sunkún, ó bọ́jú, ó jáde bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹkún méjèèjì yẹn ò tún ilé wọn ṣe. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó sunkún! Ìgbà tó sọ fún wọn pé òun ni Jósẹ́fù ni ìlàjà tó bẹ̀rẹ̀. Kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ó ní àwọn ni wọ́n ta òun. Ó sì ní Ọlọ́run ló rán òun ṣáájú láti gba ẹ̀mí là. Àwọn àgbà ní tí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Jósẹ́fù rántí o, àmọ́ kò fi gbẹ̀san. Ẹsẹ 15 ní lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, àwọn tí kò lè bá a sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní 37:4.

Ẹ̀yin ará, láti Ìbídò títí dé Ṣágámù, a mọ ilé tí ìsìnkú bàbá ti tú ká. Ọ̀rọ̀ owó ìnáwó, yàrá tí wọn ò pín dọ́gba, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò kí ara wọn mọ́. Tí wọ́n bá pàdé lọ́jà, ọ̀kan á yà. Síbẹ̀, tí ọmọ inú fíìmù bá dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá ẹ̀, omi á bọ́ lójú wọn.

Wákàtí méjì péré ni fíìmù fi ń yanjú ọ̀rọ̀. Tiwa lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọdún 17 lẹ́yìn náà, nígbà tí Jákọ́bù kú, ẹ̀rù tún ba àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù (50:15). Ó tún ní láti tù wọ́n nínú. Tí wọn ò bá gbé ìpè yín lónìí, ẹ tún pè lọ́la.

*Iṣẹ́ òní:* Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ pe ẹnì kan tí ẹ ti pa tì. Ẹ má fi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní, “Bọ̀dá mi, èmi ni o. Ṣé ara le?”

*Àdúrà:* Bàbá, má jẹ́ kí ẹkún mi parí sínú yàrá. Fún mi lẹ́nu tí màá fi bá ẹbí mi sọ̀rọ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á sàn wá o.