KÍNDÌNRÍN TÓ WÚ DÍẸ̀: Ẹ JẸ́ KÍ SÍKÁÀNÙ SỌ ÒTÍTỌ́

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní Òdogbolú, bí ìwé síkáànù bá sọ pé kíndìnrín ọmọ inú oyún wú díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já, ẹ má sì sọ ìwé náà nù. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú wíwú bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ díẹ̀, ọ̀nà ìtọ̀ ló dí, tàbí kí ìtọ̀ máa padà sẹ́yìn láti inú àpò rẹ̀. Bí a kò bá tètè mọ èyí, ó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n?
Ẹ̀rọ síkáànù ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ sínú ara. Ìró náà yóò padà wá di àwòrán. Kò ní ìtànṣán bí ti ẹ̀síréè. Ìtọ̀ tó kó jọ sínú kíndìnrín yóò hàn dúdú, a ó sì wọn ìbú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ 28 oyún, bí ìbú náà bá jẹ́ mìlímítà 7 sókè ṣùgbọ́n tí kò tó 10, wíwú díẹ̀ ni a ń pè é.

Kí ni ó lè ṣi ojú wa lọ́nà?
1. Àpò ìtọ̀ tó kún lè mú kí kíndìnrín dà bí èyí tó wú. Kí ọmọdé tàbí àgbà kọ́kọ́ tọ̀, kí a sì tún un wò.
2. Kíndìnrín aboyún fúnra rẹ̀, pàápàá ti ọwọ́ ọ̀tún, a máa wú díẹ̀ láìsí àrùn.
3. Ìtọ̀ ọmọ tuntun kì í pọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí náà wíwú lè fara pamọ́. Ó dára kí a dúró tó wákàtí 48 kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, àfi bí dókítà bá ní kí a má ṣe dúró.

Kí ni kí ẹ ṣe?
Ẹ béèrè pé: Ọ̀tún ni tàbí òsì? Mìlímítà mélòó ni? Ìgbà wo ni a ó padà wá? Ẹ mú ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó bá yẹ, wọn yóò darí yín sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáǹjọ ní Ṣágámù. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní àgbo láti fi fa wíwú náà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe sọ pé ara ọmọ le, kí ẹ sì fi owó síkáànù kejì ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ sáré gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń kán tótó dípò kó ṣàn, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí bí ikùn rẹ̀ bá wú.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ má ṣe fi síkáànù kan ṣoṣo dá ẹjọ́ kíndìnrín ọmọ yín.