Bí A Bá Fura sí Wárápá Lára Ọmọ Wa

Wárápá máa ń ṣe àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ju àwọn ọmọ mìíràn lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ á kàn ranjú mọ́ ibì kan fún ìgbà díẹ̀. A lè rò pé ìwà rẹ̀ náà ni, nítorí kì í sábà dáhùn bí a bá pè é. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bí kò bá mọ̀ rárá, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún dókítà. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè ròyìn ara rẹ̀.

Bí ó bá ṣubú tó ń gbọ̀n ńkọ́?

1. Ẹ wo aago.
2. Ẹ fi ohun rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀.
3. Ẹ má dì í mú, ẹ má sì ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
4. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ní ìlú ọba níbí, ẹ pe 999 bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, bí òmíràn bá tẹ̀ lé e, tàbí bí kò bá mí dáadáa.

Wárápá kì í ràn. Ẹ má fi pa mọ́ fún olùkọ́ rẹ̀. Kí a máa gbàdúrà, kí a sì pe dókítà.