Kì í Ṣe Gbogbo Òkùnrùn Adìẹ ni Lùkúlùkú

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń bẹ́, tí koríko ẹ̀yìnkùlé sì gbẹ háúháú, ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn ìyá tí ń sin adìẹ ìbílẹ̀: wọn a ní lùkúlùkú ti dé. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n adìẹ tí ó ń tòògbé, èyí tí ń ya ìgbẹ́, èyí tí ojú rẹ̀ wú, èyí tí iná ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, orúkọ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe gbogbo wọn, àfi bí ẹni pé ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé ni ó ń ṣe gbogbo ọlọ́ya. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tí a bá pe àrùn ni í darí ọwọ́ wa sí oògùn.

Lùkúlùkú gidi ni àrùn tí àwọn onímọ̀ sọ ní Newcastle, nítorí ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti rí i ní 1926. Agbègbè Ìbàdàn, láàrin ìparí 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953, ni a sì ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Adìẹ tí ó bá mú a máa mí gúlegúle, apá rẹ̀ a wọ́ nílẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ a di omi aláwọ̀ ewé. Bí kò bá sì tètè kú, ọrùn rẹ̀ a lọ́, a máa wòkè bí ẹni tí ń ka ìràwọ̀.

Ìgbẹ́ tí mo dárúkọ yìí ni a ń pè ní ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ ọ̀rìn yàtọ̀ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì. Òròmọdìẹ tí ó hú ìyẹ́, tí ó sorí kọ́, tí a sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lórí èérún pákó, ibòmíràn ni kí a kọ́kọ́ wò fún un: kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí í máa gbèrú níbi tí ilẹ̀ ilé adìẹ bá tutù, ni ó sábà máa ń jẹ ìfun irú wọn. Èyí gbóògùn, amprolium ni a ń pò mọ́ omi mímu wọn, ní ìwọ̀n tí dókítà ẹran bá pàṣẹ, a ó sì kó èérún pákó tí ó tutù náà dànù. Ẹni tí ó bá ní “lùkúlùkú ni, kò gbóògùn,” ti fi ẹnu lásán pa ohun tí ìbá yè. Kókó tí í sì máa hù sórí ogbe, tí yànmùyánmú ń gbé kiri, àrùn ọ̀tọ̀ ni òun náà.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Kí wọ́n forí jì mí, adìẹ kì í làágùn rárá, ẹnu ni ó ń yà láti mí ooru jáde. Síbẹ̀ òwe náà ṣe rẹ́gí, nítorí adìẹ a máa fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà ni n kò fi fara mọ́ ọn kí a wí pé a “wo” adìẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé yíyẹ̀ ni a ń yẹ̀ ẹ́ wò: gbé e, ṣí ìyẹ́ abẹ́ apá àti ti ìdí bóyá iná ni, tẹ àyà rẹ̀ bóyá egungun nìkan ni ó kù, wo ogbe bóyá pupa rẹ̀ ti ṣá.

Àjẹsára náà ti di ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan ń ké pé, “Adìẹ mi ti dùbúlẹ̀, ẹ bá mi wá àjẹsára!” Àjẹsára kì í wo àrùn tí ó ti wọlé, ohun tí a jẹ sára kí ogun tó dé ni. Lùkúlùkú kò ní oògùn tí í wò ó, ṣùgbọ́n ó ní àjẹsára tí a ń kán sójú adìẹ tí ara rẹ̀ le, kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, sì ń ṣe irú kan tí ooru kì í tètè bà jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Adìẹ tí a dúńbú, a pa á ni. Èyí tí àrùn gbé lọ, ó kú ni, òkú ǹbete sì ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti ń pọ̀kàkà ikú, tí a sáré fi ọ̀bẹ lé bá, tí a wá ń fi ẹnu rere sọ pé “a pa adìẹ kan jẹ lánàá,” n kò mọ ibi tí èdè yóò pín in sí. Ìyẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a dà sórí ààtàn ni adìẹ aládùúgbò yóò wá fẹsẹ̀ wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.