Ṣé ẹyin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń di àkùkọ?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹyin tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó ló ń di akọ, róbótó ló ń di abo. Ṣé kí n máa ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀ kí adìyẹ mi tó sàba? (Òǹkàwé, Ọ̀ffà)

Ìdáhùn: Ẹ má ṣèyọnu. Ara àgbébọ̀ ló ń pinnu akọ tàbí abo, kí èèpo tó bo ẹyin rárá. Ìrísí ẹyin, lẹ́yìn ìyẹn ló ń wáyé, àgbébọ̀ kan sì sábà máa ń yé irú ìrísí kan náà. Bí ṣóńṣó bá jẹ́ akọ, àgbébọ̀ tó ń yé ṣóńṣó kò ní bí abo láéláé. Ta ló ní irú rẹ̀ lágboolé? Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, tiẹ̀ sọ òdìkejì: ó ní ṣóńṣó ni abo!

Ẹ lè ní ẹnìkan ṣà á, ó sì bọ́ sí i. Nínú òròmọdìyẹ 10, abo lè tó 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, láìṣa ohunkóhun. Bí ìrísí bá tó fi mọ̀ ọ́n, Jámánì, tó fòfin de pípa òròmọdìyẹ akọ láti ọdún 2022, kò ní máa fi ẹ̀rọ olówó ńlá yẹ ẹyin wò.

Bó bá jẹ́ adìyẹ ẹlẹ́yin lẹ fẹ́, ẹ ra òròmọdìyẹ Isa Brown: abo pọ́n, akọ funfun. Ti ìbílẹ̀, ẹ dúró kí ogbe wọn yọ, kí ẹ sì bọ́ akọ fún ọjà Owódé ní Ọ̀ffà nígbà ọdún.