Ìdí tí Orílẹ̀-èdè fi Ń Ṣe Ètò fún Ìṣípòpadà Àwọn Ènìyàn

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ilẹ̀ Gánà, èyí tí Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia jẹ́ olórí fún nígbà náà, kéde pé gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní láti gba ìwé náà láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò ní ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí àṣẹ náà bá kò kéré níye, Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn: àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń ná ọjà Kumasi, Tamale àti Accra láti ìgbà tí a ṣì ń pe Gánà ní Góòlù Kóòsì. Ẹlòmíràn ti kọ́ ilé síbẹ̀. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ dé Nàìjíríà rí, nítorí pé ibẹ̀ ni a bí i sí. Ọjà tí ènìyàn kó jọ fún ogún ọdún di ohun tí a ń tà ní owó pọ́ọ́kú, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ sì di ìgbàgbé, nítorí kò sí ẹni tí ó lè gba gbèsè rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ 14.

Báwo ni ọ̀ràn náà ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ní ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ àkóso kan náà ni Góòlù Kóòsì àti Nàìjíríà wà, ẹni tí ó bá ti Èkó lọ sí Accra kò sì ka ara rẹ̀ sí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọdún 1957, tí Nàìjíríà sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1960, ẹni kan náà tí ó jókòó nídìí ọjà rẹ̀ di àlejò láì kúrò lórí àpótí tí ó jókòó lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ìwé kan wà tí ó yẹ kí àwọn gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Gánà nìkan ni ó ṣe irú nǹkan yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. Àwọn tí àṣẹ náà kàn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọ Gánà. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti bodè tí ó wà láàárín òun àti Tógò ṣáájú àkókò náà. Nítorí èyí, ọ̀nà há mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Sèmè, pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, títí Gánà fi ṣí bodè náà ní ìparí oṣù. Láti inú ìrìn yìí ni àpò aláwọ̀ pupa àti búlúù ti gba orúkọ tí a fi ń pè é ní Nàìjíríà di òní, Ghana Must Go. Ó yẹ kí ojú ti ẹni tí ó bá mọ ìtàn orúkọ náà.

Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ìjọba kò mọ iye àlejò tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò pèsè ibi tí wọn yóò ti gba ìwé ní ìrọ̀rùn, kò sì bá ìjọba ìlú wọn jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe délé. Àṣẹ òjijì ni ìjọba ń lò nígbà tí kò bá ní ètò. Ètò orílẹ̀-èdè fún ìṣípòpadà kì í ṣe òfin tí ń dènà ìrìnàjò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìwé ni, nínú èyí tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọjọ́ ìṣòro tó dé, ẹni tí yóò máa ka àwọn tí ń wọlé àti àwọn tí ń jáde, ẹni tí yóò fún wọn ní ìwé, ẹni tí yóò dáàbò bo òṣìṣẹ́ ní òkèèrè, àti ẹni tí yóò gba àwọn tí a lé padà.

Òfin nìkan kò tó. Ọdún mẹ́rin kí ọ̀ràn 1983 tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Dakar, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kí ó sì dúró fún ọjọ́ 90 láì gba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá pé. Àdéhùn kan náà sọ pé bí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ lé ọmọ ECOWAS jáde, ó ní láti fi tó onítọ̀hún létí, kí ó fi tó ìjọba ìlú rẹ̀ létí, kí ó sì fi tó akọ̀wé àgbà Àjọ náà létí.

Ó pẹ́ kí Nàìjíríà tó kọ ètò tirẹ̀. Ní ọdún 1989 ni a dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn àwọn ogúnléndé. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé nínú ilẹ̀ yìí, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣípòpadà pẹ̀lú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Orílẹ̀-èdè fún Ìṣípòpadà. Àjọ yìí ni a fi ṣe olùdarí, a sì pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà márùn-ún. Àjọ tí ń ka ènìyàn ni ó ni ọ̀ràn iye. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ni ó ni ti àwọn tí ń wá iṣẹ́ lọ sí òkèèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ni ó ni bodè. Àjọ ogúnléndé fúnra rẹ̀ ni ó ni ti àwọn tí a fi tipá lé àti àwọn tí ń padà bọ̀. Ọ̀nà karùn-ún ni ti àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé ní òkèèrè, àwọn tí a fi òfin ọdún 2017 dá àjọ tiwọn sílẹ̀ fún.

Nínú márààrún, ti iye ni ó rọ jù. Ìwé àdéhùn gbogbo ayé lórí ìṣípòpadà, tí àwọn orílẹ̀-èdè gbà ní Marrakech ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ní ìpinnu 23, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pé kí ìjọba kó iye tí ó péye jọ. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó dìbò fún un. Síbẹ̀, ọdún 2006 ni a ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí, kíkà tí à bá ṣe ní ọdún 2023 ni a sì sún síwájú. Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé sọ pé owó tí àwọn ará òkèèrè fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà ní ọdún 2018 lé ní bílíọ̀nù 24 dọ́là. A mọ owó náà ju bí a ti mọ àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ lọ.

Àìmọye yìí kì í ṣe ọ̀ràn ìwé lásán. Ní ọdún 1969, ìdílé ni ó gba àwọn tí ó ti Gánà dé: yàrá kan di ti ìdílé méjì, ọmọ tí ó gbọ́ Twi ju bí ó ti gbọ́ Yorùbá sì ní láti wá àyè ní ilé ẹ̀kọ́ láàárín ọdún. Láti ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà padà láti Líbíyà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mú ohunkóhun bọ̀ ju aṣọ ọrùn wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò mọ iye ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi kò lè mọ iye àga tí yóò fi sí ilé ẹ̀kọ́, tàbí iye ènìyàn tí yóò wá iṣẹ́, bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé.

Apá kan wà tí ó kù sọ́wọ́ arìnrìnàjò fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí a tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ ní bodè ni kíka ọjọ́ 90 ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ó dé ọjà. Nítorí náà ẹni tí ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Cotonou, Lomé, Accra tàbí Abidjan ní láti lọ bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fún ìwé ìgbélùú kí ọjọ́ náà tó pé. Mali, Burkina Faso àti Niger sì ti kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Oníṣòwò tí ń lọ sí ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bèèrè ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n kí ó tó di ẹrù rẹ̀.