Abẹ́rẹ́ Kọ́ Ni Wọ́n ń Gún fún Ẹ́ńjìnnì

Àwọn olóòtú ètò ọkọ̀ lórí rédíò ti sọ àṣìlò kan di àṣà, tí kò yẹ kí àwọn tí èdè jẹ lógún dákẹ́ sí, ìyẹn ni pípe ẹ́ńjìnnì tí kò ní kábúrétọ̀ ní “ẹ́ńjìnnì alábẹ́rẹ́”, tí wọ́n á sì ní ọkọ̀ náà “ń gba abẹ́rẹ́ epo”. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n yá: nítorí pé abẹ́rẹ́ ni ínjẹ́ṣọ̀n lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ náà ni yóò jẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe yìí kò kéré rárá, torí ó bo ìyàtọ̀ tó yẹ kó yé ẹni tó ń yan ẹ́ńjìnnì fún jíìpù tí yóò máa wọ ẹrẹ̀, tí yóò sì máa gun àpáta.

Kí ìṣègùn òyìnbó tó dé, ohun ìránṣọ ni abẹ́rẹ́. Nígbà tí oògùn tí ń gba inú ẹran ara wọlé dé, Yorùbá kò wo bí oògùn náà ṣe ń rìn, irinṣẹ́ tó ń dunni ni wọ́n wò, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe irinṣẹ́ àti oògùn pọ̀, débi pé èèyàn lè sọ pé òun gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta láì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kankan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ínjẹ́ṣọ̀n, tọ̀, nítorí inú èdè Látìnì ni ó ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí jíju nǹkan sínú nǹkan. Nígbà tí Òyìnbó gbé e kúrò lára aláìsàn lọ sára ẹ́ńjìnnì, jíjù yẹn ni ó bá a lọ, kì í ṣe ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i ni pé inú kábúrétọ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ wà. Bí ẹni tó ń ta kábúrétọ̀ tòkunbọ̀ ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Mushin, bá tú ìdérí rẹ̀, ìkòkò kékeré kan ni yóò hàn, tí epo ń dúró sí, àti ohun fífúyẹ́ kan tó ń léfòó lórí epo náà. Bí epo bá ti kún tó, ohun tó léfòó yìí yóò ti abẹ́rẹ́ bíńtín kan sókè sí ẹnu ihò tí epo ń gbà wọlé, ihò náà yóò sì dí. Bí ìdọ̀tí bá há sí ẹnu abẹ́rẹ́ yìí, epo yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú, nítorí bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ kábúrétọ̀ mu ni fà. Ẹ́ńjìnnì ń fa èémí bí ẹni ń fa sìgá; afẹ́fẹ́ tó ń fà gba ọ̀nà tóóró kọjá, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, agbára tó fi ń tẹ nǹkan ń dín kù, epo inú ìkòkò sì ń tẹ̀ lé e jáde láti ẹnu jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí a fi ń wọn epo. (Ìdí nìyẹn tí “ọkọ̀ ń mu epo” fi péye ju “ọkọ̀ ń jẹ epo” lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ló wà lẹ́nu awakọ̀.) Gbogbo ètò yìí dúró lórí pé kí epo inú ìkòkò tẹ́jú. Bí jíìpù bá kọ imú sókè láti gun òkè Ìdànrè, epo yóò ya sí apá kan, jẹ́ẹ̀tì á máa fa afẹ́fẹ́ lásán, tàbí kí epo ya wọlé ju bó ti yẹ lọ.

Fún ẹ̀rọ kejì, èyí tí kò ní kábúrétọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó Oǹdó àti Ilé-Olújì ló yẹ: fín, tí kì í ṣe fín ti afíngbá, bí ìró wọn tilẹ̀ jọra. Ẹni tó fẹ́ fín kòkó yóò kọ́kọ́ pọ́ńpù agolo ẹ̀yìn rẹ̀ títí agbára yóò fi kún inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni oògùn yóò tú jáde lẹ́nu tóóró bí ìrì, ìbáà dúró gangan, ìbáà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pọ́ńpù inú táńkì ṣe ń ti epo pẹ̀lú agbára bíi pọ́n-ùn 40 lórí ìǹṣì kan níbùú lóòró, nígbà tí ti kábúrétọ̀ kì í sábà ju pọ́n-ùn 7 lọ, tí kọ̀ǹpútà kékeré tí mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì sì ń pàṣẹ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ yóò là, kí afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 lè pàdé epo ìwọ̀n 1. Fífín kò tilẹ̀ dúró de kọ̀ǹpútà: Píjò 504 tí ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní 1968 ní èyí tó ń fa epo, ó sì ní èyí tó ń fi ẹ̀rọ onírin lásán fín in, èyí tó ń fín yìí ni awakọ̀ Ove Andersson sì fi gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná.

Èyí kò ní kí kábúrétọ̀ di ohun àjùnù. Bí jẹ́ẹ̀tì bá dí nínú igbó Ṣakí, sikurudiráfà àti èémí ẹnu mẹkáníìkì tó o. Bí omi bá wọ bíréènì bọ́ọ̀sì, kò sí ẹnu tó lè fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ìṣòro rẹ̀, èyí tó ń fín ni kó rà.

Òtítọ́ ni pé nínú ẹnu tó ń fín epo náà, ohun tín-ín-rín kan wà tí iná mànàmáná ń fà sókè kí epo tó jáde, tí èèyàn lè fi wé abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dé e pa, ojú kì í rí i. Ládìpọ̀ kò sì pe ẹnu náà ní abẹ́rẹ́. Nọ́sù ni oníbàárà ń béèrè, nọ́sù ni wọ́n ń fọ̀, ọ̀rọ̀ àyálò yìí ti borí, ó sì tọ́ kó borí, nítorí nọ́sù ló wà lẹ́nu agolo àgbẹ̀ kòkó pẹ̀lú. Kí ìwé máa kọ “ẹ́ńjìnnì afínpo”, kí rédíò máa sọ pé nọ́sù ń fín epo, kí wọ́n sì dá abẹ́rẹ́ padà fún aránṣọ, nọ́ọ̀sì àti ìkòkò kábúrétọ̀.